Òfin Dé Kí Bọ́ọ̀sì Tó Dé

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìjọba ṣe ń ṣètò ìrìnnà ní Èkó, kó má bẹ̀rẹ̀ láti orí afárá, kó má sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkọ̀ ojú irin. Orí ilé tí wọ́n wó láàárín Erékùṣù Èkó ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1955, Lagos Executive Development Board, tí tèwe tàgbà ń pè ní LEDB, gbé ètò dìde láti wó àwọn àgbo ilé tó há mọ́ra lẹ́yìn Broad Street. Wọ́n ní kò bójú mu kí olú ìlú orílẹ̀-èdè tó ń múra òmìnira rí wúruwùru bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá ń kó àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sọdá omi lọ sí Surulérè, níbi tí wọ́n ti kọ́ ilé sílẹ̀ dè wọ́n.

Ìyá àgbà mi wà lára wọn. Ẹlẹ́lùbọ́ ni wọ́n, Èbúté Èrò sì ni ìsọ̀ wọn. Láti àgbo ilé wa, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ. Bí wọ́n bá gbàgbé kóńgò sílé, ọmọdé ni wọ́n máa rán padà wá mú un, oníbàárà kò ní tíì kúrò níbẹ̀ kí ọmọ náà tó dé. Ní Surulérè, yàrá wọn mọ́, afẹ́fẹ́ ń wọlé, omi ẹ̀rọ kò sì jìnnà. Wọn kì í bú ilé náà. Ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ títí wọ́n fi papò dà kò ju gbólóhùn kan lọ: “Ìjọba kó mi, wọn ò kó oníbàárà mi.”

Oníbàárà wọn wà ní Èbúté Èrò síbẹ̀. Ìdájí ni wọ́n ń dìde lọ dúró de ọkọ̀, kí wọ́n lè dé ọjà kí àwọn tó ń rà lọ tún tà tó dé. Wọ́n á san owó tiwọn, wọ́n á san owó apẹ̀rẹ̀, bí ilẹ̀ bá sì ṣú, wọ́n á tún san án padà bọ̀. Èrè orí elùbọ́ kì í ṣe èrè góòlù. Kóńgò mélòó ni wọ́n máa tà kí owó ọkọ̀ tó jáde nínú rẹ̀? Peter Marris, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, wá ṣèwádìí láàárín àwọn tí wọ́n kó lọ àti àwọn tí wọn kò tíì kó, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1961. Ohun tó bá pàdé bá ti ìyá àgbà mu: ẹbí tó ti wà lójú kan náà fọ́n ká, oníṣòwò pàdánù oníbàárà, owó ọkọ̀ sì wá di ìnáwó tí kò sí tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ya àwòrán Surulérè fi títì sí i, wọ́n fi gọ́tà sí i. Bí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ yóò ṣe dé ibi tó ti ń jẹun kò sí nínú àwòrán náà.

Kì í sì í ṣe pé ìjọba kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé èrò. Ní 1902, nígbà tí afárá Carter ṣì jẹ́ tuntun, ìjọba amúnisìn tẹ́ irin tóóró láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Ìddó gba orí afárá náà wọ Erékùṣù títí dé Marina. Ọkọ̀ kékeré tó ń fi èéfín rìn ló ń lọ tó ń bọ̀ lórí rẹ̀, ó ń kó èrò, ó sì ń kó ẹrù. Nígbà tó fi máa di ìparí 1913, wọ́n ti dá gbígbé èrò dúró. Irin náà kò dákẹ́ o: ìgbẹ́ ìlú ni wọ́n tún fi ń kó lọ dà sí ọ̀sà, títí wọ́n fi pa gbogbo rẹ̀ tì ní 1933. Fún ogún ọdún tó kẹ́yìn ayé irin yẹn, ìdọ̀tí Èkó ní ọkọ̀ ìjọba tó ń gbé e, ènìyàn Èkó kò ní. Mi ò lè ka èyí kí ó má dùn mí.

Àwọn oníṣòwò ló gba iṣẹ́ náà ṣe. Ilé-iṣẹ́ Zarpas, ti àwọn ará Gíríkì, ló gbajúmọ̀ jù nínú àwọn oníbọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ọlọ́kọ̀ onípákó, bọ̀lẹ̀kájà, tí èrò ń kojú sí ara wọn nínú rẹ̀. Ó di 1958, nígbà tí wọ́n ti ń kó ènìyàn lọ sí Surulérè fún bí ọdún mẹ́ta, kí Town Council Èkó tó ra bọ́ọ̀sì Zarpas, tí wọ́n sì dá Lagos Municipal Transport Service sílẹ̀. LMTS nìyẹn. Níbẹ̀ ni bàbá mi ti ṣe kọ̀ndọ́kítọ̀.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí LMTS, nítorí àwọn tí a bí lẹ́yìn rẹ̀ rò pé ọkọ̀ Èkó kò ní ìlànà rí. Bàbá mi máa ń wọ káákì tí màámi ti lọ̀ kó dúró gbagidi. Àpò awọ wà léjìká wọn fún owó. Tíkẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ wọn, àwọ̀ ọ̀tọ̀ fún iye owó ọ̀tọ̀. Pánṣì irin kékeré sì wà lọ́wọ́ kejì, tí wọ́n fi ń lu ihò sára tíkẹ́ẹ̀tì, kó má baà ṣe é lò lẹ́ẹ̀kejì. Ìsípẹ́kítọ̀ lè wọlé níbikíbi. Á ní kí gbogbo èrò gbé tíkẹ́ẹ̀tì wọn sókè, bí owó àpò bàbá mi kò bá sì bá ti tíkẹ́ẹ̀tì mu, inú owó oṣù wọn ni yóò ti jáde.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé bọ́ọ̀sì wọn ní àsìkò. Bí ó bá tó àkókò, yóò gbéra, ì báà jẹ́ èrò mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Dírẹ́bà kò ní ìdí kankan láti bá ẹnikẹ́ni sáré, nítorí oṣù ló ń gbà. Kò sí ọlọ́kọ̀ kan nílé tó ń retí owó ojúmọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo wàhálà tí à ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru dírẹ́bà danfo lónìí, eré àsápajúdé, dídúró láàárín títì gbé èrò, ìjà orí ṣéńjì, inú owó ojúmọ́ yẹn ló ti ń wá. Ẹni tó gbọ́dọ̀ jíṣẹ́ owó fún ọlọ́kọ̀ kí ó tó rí ti ara rẹ̀, tó tún ń san owó ní gáréèjì kan sí òmíràn, báwo ni yóò ṣe gbéra pẹ̀lú èrò mẹ́ta? Mo ti gbọ́ tí àwọn ọ̀gá ìjọba ń sọ pé ìwà àwọn dírẹ́bà ló burú. Bàbá mi àti dírẹ́bà wọn, ará Èkó kan náà ni wọ́n. Owó oṣù àti àsìkò tí wọ́n kọ sílẹ̀ ló jẹ́ kí ìwà wọn yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n LMTS ní ààlà, ààlà náà ló sì kọ́kọ́ dá a lẹ́sẹ̀. Ti Town Council ni, Èkó tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣàkóso nìkan ni àṣẹ Town Council sì dé. Múṣin, Òṣòdì, Ìkẹjà àti Agége wà lábẹ́ Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tó jókòó sí Ìbàdàn. Ibẹ̀ sì ni àwọn òṣìṣẹ́ ń sá lọ torí pé owó ilé dínkù níbẹ̀. Ìlú kan ṣoṣo ni lójú ẹni tó ń jí lọ síbi iṣẹ́. Lójú ìwé òfin, ìjọba méjì ni. Nínú àlàfo yẹn ni àwọn ọkọ̀ kíákíá ti wọlé, lẹ́yìn wọn ni danfo. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún 1967, tí gbogbo àdúgbò wọ̀nyẹn wá sábẹ́ àṣẹ kan, bọ́ọ̀sì ìlú ti ń gbó, àwọn èrò sì ti mọ́ danfo lára.

Kí n má ṣe àìṣòótọ́: ìjọba ṣe ọ̀kan tó lọ déédéé ní àkókò yẹn. Ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972, ọjọ́ Àìkú Àjíǹde, ni gbogbo Nàìjíríà kúrò ní ọwọ́ òsì títì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Dahomey, Niger, Chad àti Cameroon tó yí wa ká, ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo wọn ń rìn. Àwa nìkan là ń rìn ní ọwọ́ òsì bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fi kọ́ wa. Wọ́n ti kéde rẹ̀ pẹ́ kó tó dé, ní rédíò, ní ilé ẹ̀kọ́, ní gáréèjì. Àwọn olùkọ́ tò wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n ní ọwọ́ òsì ni kí á máa kọ́kọ́ wò báyìí kí á tó sọdá. Ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n sì mú, tí ọkọ̀ kò pọ̀ lójú títì. Bọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣe fún ọwọ́ òsì nìkan ló ṣòro, nítorí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ti kọjú sí àárín títì. Ó di dandan kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n pa á tì. Òfin ńlá gbáà ni, ó kan gbogbo ẹni tó ní táyà àti gbogbo ẹni tó ní ẹsẹ̀, síbẹ̀ ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni owó epo wọlé. Ìgbìmọ̀ Udoji ní kí ìjọba fi kún owó oṣù òṣìṣẹ́, wọ́n san èyí tó ti kọjá mọ́ ọn, àwọn ènìyàn sì ra mọ́tò. Gbogbo òwúrọ̀ di gó-sìlóò. Mo ti ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Broad Street nígbà yẹn, Agége ni mò ń gbé, mólùé ni mò ń wọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ mólùé fún ẹni tí kò wọ̀ ọ́ rí. Ẹsẹ̀ àti ẹ̀rọ Mercedes 911 ni, àwọn alágbẹ̀dẹ ọkọ̀ ní Èkó ló kan irin yòókù lé e lórí. Ìjókòó irin há débi pé orúnkún ẹni ń kan ẹ̀yìn ẹni iwájú. Kọ̀ndọ́kítọ̀ á máa gbá ara ọkọ̀ gbàgbà, á ní “ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!” Bí a bá fẹ́ sọ̀, a ó pariwo “Ó wà o!” Mólùé kì í sábà dúró tán pátápátá, à ń fò sílẹ̀ ni, a ó sáré díẹ̀ tẹ̀lé e kí a má baà ṣubú. Mo ti gbé ọmọ lẹ́yìn fò báyìí. Ọlọ́run ló ṣọ́ wa.

Ní 1977 ni ìjọba ológun gbé òfin nọ́ńbà jáde. Àwọn sójà ti ń fi kòbókò na dírẹ́bà lójú títì kó tó di ìgbà náà, mo fojú ara mi rí i, kò sì tán gó-sìlóò. Wọ́n wá ní ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ọ́ọ̀dù, ọjọ́ tirẹ̀ ni yóò jáde; èyí tó jẹ́ ífùn, ọjọ́ kejì ni tirẹ̀. Ẹni tó bá gbé tirẹ̀ jáde lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ rẹ̀, ọlọ́pàá ń dúró dè é. Lórí ìwé, ìdajì ọkọ̀ yóò dúró sílé, títì yóò sì fẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́, ó fẹ̀ lóòótọ́. Inú wa tí a kò ní mọ́tò dùn, torí mólùé ń tètè dé Ìddó. Kò pẹ́ tí ọ̀gá wa fi wá sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ tó yẹ kí mọ́tò rẹ̀ wà nílé. Mọ́tò mìíràn ni, nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ífùn. Ọ̀gá kejì náà ra tirẹ̀. Gbogbo ẹni tó lówó ní Èkó ra èkejì, àwọn mìíràn tún wá ọ̀nà gba nọ́ńbà méjì fún mọ́tò kan ṣoṣo. Òfin tí wọ́n ṣe kí ọkọ̀ lè dínkù ló wá sọ ọ́ di pé ọkọ̀ pọ̀ sí i ní àgbàlá ilé àwọn olówó, títì sì padà sí bó ṣe wà.

Akọ̀wé kékeré tó fi owó Udoji ra Volkswagen kan ṣoṣo ni òfin náà mú. Ọjọ́ tí kì í bá ṣe ọjọ́ rẹ̀, mólùé ló ń wọ̀ pẹ̀lú wa. Mo rántí àwọn ọkùnrin tó wọ táì, tí wọ́n gbé báàgì dání, tí wọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń di irin òkè mú, tí wọ́n ń bi wá bóyá Òṣòdì ti dé. Àánú wọn ṣe mí. Ṣùgbọ́n ohun tí mò ń wò ni pé èrò ti pọ̀ sí i lójú ọ̀nà Agége, n kò sì rí bọ́ọ̀sì tuntun kankan tí ìjọba gbé wá síbẹ̀ láti kó wọn. Wọ́n lé ènìyàn kúrò nínú mọ́tò wọn, wọn kò pèsè ibi tí wọ́n máa jókòó sí. Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà tún padà wá nìyẹn. Òfin náà kú lẹ́yìn ọdún díẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sunkún rẹ̀.

Gómìnà Lateef Jákàńdè, ẹni tí a ń pè ní Bàbá Kékeré, ni olórí àkọ́kọ́ tí mo rí tó kọ́kọ́ wá ibi ìjókòó. Oníwèé ìròyìn ni, ó wọlé ní 1979. Ó fi ọkọ̀ ojú omi méjì sí ọ̀sà, Bàbá Kékeré àti Ìta Fájì, láti Mile 2 lọ sí Erékùṣù. Ó sì gbé Metroline dìde: ọkọ̀ ojú irin láàárín ìlú, kìlómítà 28.5 láti Marina dé Agége. Agége tèmi! Interinfra, àjọ àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Faransé, ló fẹ́ kọ́ ọ. Ní 1983 ni wọ́n ṣe ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ti ẹgbẹ́ òṣèlú NPN àti ìjọba Èkó ti ẹgbẹ́ UPN kò rẹ́, ohun tó sì yẹ kí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí, wọn kò tètè fọwọ́ sí i. Nígbà tó di ìparí ọdún náà, sójà gbàjọba. Ní 1985, ìjọba Ọ̀gágun Muhammadu Buhari fagi lé iṣẹ́ náà, Èkó sì pàdánù owó tó lé ní mílíọ̀nù 78 dọ́là, láìsí pé èrò kan ṣoṣo jókòó sínú rẹ̀ rí.

Ní ọ́fíìsì wa, ọjọ́ tí a gbọ́ ọ, kò sẹ́ni tó ṣiṣẹ́ dáadáa. A ti bá àwọn ọmọ wa sọ ọ́. Èmi ti ṣírò iye ìṣẹ́jú tí n ó máa fi dé ilé, mo ti ń rò ó pé n ó máa bá wọn jẹun alẹ́ kí wọ́n tó sùn. Àwọn kan ní owó kò sí, ìyẹn sì lè jẹ́ òótọ́ lọ́dún yẹn. Ṣùgbọ́n gbogbo ọdún tó tẹ̀lé e là ń san owó Metroline ní ọ̀nà mìíràn: nínú epo tó ń jó nínú gó-sìlóò, nínú wákàtí mẹ́ta ojú ọ̀nà, nínú àwọn tó jókòó sórí òrùlé ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ láti Agége, tí mo mọ̀ tí wọ́n jábọ́.

Lẹ́yìn SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé dé ní 1986, náírà wálẹ̀, ohun èlò ọkọ̀ gbówó lórí, mólùé di àkísà. Ọ̀kadà ló bọ́ sí ojú ọ̀nà. Alùpùpù ń wọ ibi tí danfo kò lè wọ̀, ó ń kọjá láàárín gó-sìlóò, ó sì fún àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́. Ó pa ènìyàn, ó ṣẹ́ ènìyàn lẹ́sẹ̀. N kò ní gbè é. Òfin ìrìnnà 2012 lé àwọn ọlọ́kadà kúrò ní títì 475. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kejì 2020, wọ́n lé wọn pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, Èkó fẹsẹ̀ rìn. Obìnrin gbé bàtà dání, ọmọ ilé ìwé ń làágùn nínú aṣọ ilé ìwé. Bọ́ọ̀sì tí ìjọba fi kún un kò tó nǹkan kan lára èrò náà.

Ohun tó mú mi bínú ni pé wọ́n ti mọ ọ̀nà mìíràn ṣe nígbà yẹn. Ní 2002, wọ́n fi òfin dá LAMATA sílẹ̀, àjọ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó ronú ìrìnnà gbogbo Èkó pọ̀. Fún odidi ọdún ni wọ́n ń bá ẹgbẹ́ onímọ́tò jókòó, tí wọ́n ń bá wọn dúnàádúrà, títí àwọn fúnra wọn fi wọ inú ètò náà. Ní oṣù kẹta 2008, nígbà Gómìnà Fáṣọlá, ètò bọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní BRT bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 dé CMS, kìlómítà 22, pẹ̀lú ojú ọ̀nà tirẹ̀ tí ọkọ̀ mìíràn kò gbọ́dọ̀ gbà. Èrò tò lórí ìlà. Wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó wọlé. Àwọn tó ń sọ pé ará Èkó kò lè tò láéláé kò rí nǹkan wí. Bàbá mi ti rí wọn tí wọ́n ń tò ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, nígbà LMTS. Nítorí pé bọ́ọ̀sì ti wà níbẹ̀, nígbà tí wọ́n ní kí ọkọ̀ mìíràn má gba ojú ọ̀nà náà, ẹnikẹ́ni kò fẹsẹ̀ rìn.

Jákàńdè kú ní oṣù kejì 2021. Ní oṣù kìíní 2023, Ààrẹ Buhari kan náà ló ṣí Blue Line, kìlómítà 13 láti Marina dé Mile 2, èrò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Red Line tẹ̀lé e ní 2024, láti Oyíngbò dé Àgbádo, ó sì gba Agége kọjá. Mo ti wọ̀ ọ́. Mo jókòó. Àwọn ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń tẹ fóònù wọn, ọkọ̀ náà sì gbéra ní àsìkò tó yẹ kó gbéra.

Ṣùgbọ́n Òkòkòmáìkò ni wọ́n fi ṣe òpin Blue Line nínú ètò, Mile 2 ló sì kọ́kọ́ dúró sí. Ẹni tó bá sọ̀ ní Mile 2 tó ń lọ sí Òjó ń padà sọ́wọ́ dírẹ́bà tó ń wá owó ojúmọ́. Kí wọ́n tó tún fòfin de ohunkóhun lójú ọ̀nà yẹn, kí wọ́n kọ iye bọ́ọ̀sì tí yóò rọ́pò rẹ̀ àti àsìkò tí wọ́n ń gbéra sínú òfin kan náà, kí ẹlẹ́lùbọ́ tó ń dìde ní ìdájí lè kà á kí òfin náà tó mú un.